Ọdún Àjíǹde ní Ṣọ́ọ̀ṣì Orí Òkè

Nígbà tí bàbá mi wà láyé, kí àkùkọ tó kọ la ti máa ń kúrò ní Ìbàdàn bí a bá ń lọ sí Àkókó. Lọ́dún yìí, ilẹ̀ ti mọ́ kedere, àwọn alákàrà ẹ̀gbẹ́ gáréèjì ti ń palẹ̀ mọ́, kí dẹ́rẹ́bà wa tó gbà láti tan ọkọ̀.

"Ẹ̀yin ìyá, ẹ má bínú," ó ní. "Ẹni tó bá fẹ́ kí n gbéra ní òkùnkùn, kó lọ wá dẹ́rẹ́bà mìíràn. Mo fẹ́ kí oòrùn wà lókè orí wa láti Ọ̀wọ̀ títí a ó fi wọ Ìkàrẹ́."

Bàbá Kẹ́hìndé ni wọ́n ń pè é. Ọmọ Ìkàrẹ́ ni, ó sì ti ń ná ọ̀nà yẹn láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn.

Èmi àti màmá mi la jọ ń lọ. Ọmọ Ọ̀kà Àkókó ni màmá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó ń dùn ún kò jẹ́ kó délé láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí ọdún Àjíǹde kù fẹ́ẹ́rẹ́, ó pè mí, ó ní, "Ṣadé, mo fẹ́ jọ́sìn lẹ́ẹ̀kan sí i ní ṣọ́ọ̀ṣì orí òkè, kí n sì sùn ní ilé míṣọ̀n. Lẹ́yìn ìyẹn, kí Olúwa ṣe èyí tó bá wù ú." Àwọn àbúrò mi ní kí n má gbé e lọ rárá, pé ọ̀nà kò dára. Kì í ṣe kòtò ni wọ́n ń sọ. Àwọn ajínigbé ni, ṣùgbọ́n nílé wa a kì í dárúkọ wọn níṣojú màmá.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí ṣọ́ọ̀ṣì yìí jẹ́. Orí àpáta ni àwọn ará Ọ̀kà ń gbé nígbà ogun, ibẹ̀ náà ni ìjọ àkọ́kọ́ sì fi òkúta kọ́ ilé Olúwa sí. Nígbà tí ọ̀nà mọ́tò dé ìsàlẹ̀, àwọn ènìyàn sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀ lé e, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun sí ẹ̀bá títì. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àjíǹde, gbogbo ìjọ a máa gun òkè padà lọ jọ́sìn. Màmá sọ fún mi pé nígbà èwe òun, àwọn ọmọ ìlú a máa ti Jọ́ọ̀sì àti Èkó wá, ilé míṣọ̀n tó wà nísàlẹ̀ òkè ni wọ́n sì ń wọ̀ sí. Ẹní á kan ẹní láti yàrá dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹni tó bá pẹ́ dé á sùn sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Kò sẹ́ni tó ń ti ilẹ̀kùn.

Láti Ìbàdàn dé Àkúrẹ́, ọ̀rọ̀ kún ọkọ̀ wa. Ọkùnrin kan ń sọ bí kòkó ṣe gbówó lórí. Obìnrin Ìkàrẹ́ kan tó mú tẹ̀súbáà lọ́wọ́ ń bó ọsàn fún wa, ó bó ti màmá mi tinútinú, ó ní màmá jọ ìyá òun. Ní Ọ̀wọ̀ a jẹ iyán. Owó abọ́ kan níbẹ̀ ìbá ti gbé mi láti Ìbàdàn dé Iléṣà láìpẹ́ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n iyán náà funfun, kò ní kókó, wọ́n sì fi ẹran òkété lé e. N kò lè jẹ ẹ́ tán.

Ìdí ni pé mo rí i pé àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Àkókó kò dá nìkan lọ mọ́. Wọ́n ń dúró de ara wọn bí àgùntàn tó gbóòórùn ẹkùn. Nígbà tí wọ́n pọ̀ tó, Bàbá Kẹ́hìndé yíjú sí wa.

"Ẹni tó bá fẹ́ pe ilé, kó pè wọ́n báyìí. Tí a bá ti kúrò níbí, mi ò fẹ́ gbọ́ ìró fóònù. Tí mo bá ní ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá ní ẹ bọ́ọ́lẹ̀ kí ẹ sá, apá òsì ni kí ẹ gbà. Ẹ má gba apá ọ̀tún."

"Kí ló wà lápá ọ̀tún?" obìnrin tó ní tẹ̀súbáà bi í.

"Mi ò mọ̀, ìyáàfin. Bí wọ́n ṣe sọ fún wa ní gáréèjì nìyẹn."

Bí a ti kúrò ní Ọ̀wọ̀, ọ̀rọ̀ tán nínú ọkọ̀. Koríko ti ga ju ọkọ̀ lọ, ó sì tẹ̀ wá sórí títì lápá méjèèjì, débi pé etí rẹ̀ ń gbá fèrèsé wa. Níbi tí kòtò bá wà tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ rọra, ojú mi kì í kúrò lára koríko títí a ó fi kọjá. Ní ìsọ̀kalẹ̀ kan a rí ọkọ̀ kékeré kan nínú kòtò, ilẹ̀kùn rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣí sílẹ̀. Búrẹ́dì ṣì wà lórí àga ẹ̀yìn, nínú ọ̀rá rẹ̀. Kò sí ènìyàn kankan níbẹ̀. Bàbá Kẹ́hìndé kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, ó kàn tẹ iná mọ́ ọkọ̀. Mo di ọwọ́ màmá mú. Ọwọ́ rẹ̀ tutù.

Nígbà tí a rí òrùlé Ọ̀bà-Àkókó, àti àwọn tó ń ta iṣu létí títì, ẹnìkan kígbe "Alhamdulilahi," ẹnìkan ní "Jésù, o ṣé." Gbogbo wa la ṣe àmín sí méjèèjì.

Ìkàrẹ́ ń hó bí ó ti máa ń hó, ọ̀kadà níwá, ọ̀kadà lẹ́yìn, òkè yí i ká. Ibẹ̀ la ti wọ ọkọ̀ kékeré lọ sí Ọ̀kà. Bí màmá ti ń rí àpáta kọ̀ọ̀kan ló ń dárúkọ rẹ̀ bí ẹni ń kí ará ilé.

Àǹtí Wùmí, ọmọ àbúrò ìyá màmá, ló ń tọ́jú ilé míṣọ̀n. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni. Ó fi èdè Ọ̀kà kí màmá, màmá dáhùn, àwọn méjèèjì sì bú sẹ́kún. Èmi tí wọ́n bí sí Ìbàdàn, díẹ̀ ni mo gbọ́. Ilé náà wà bí màmá ṣe wí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ gùn, ṣùgbọ́n àwa nìkan ni àlejò. Wọ́n ti fi irin dí gbogbo fèrèsé. Àǹtí Wùmí se púpurú fún wa. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ sómi, tí wọ́n mọ róbótó, tí wọ́n yan lórí èéfín, ni wọ́n ń gún kúnná kí wọ́n tó rò ó bí ọkà. Ní Ìbàdàn a ó ní èéfín ti bà á jẹ́. Níbẹ̀, èéfín yẹn gan-an ni adùn rẹ̀.

"Ṣé a ó gun òkè lọ́la?" màmá béèrè.

Àǹtí Wùmí wo ilẹ̀. "Àwọn àgbà ìjọ ṣe àríyànjiyàn lé e lórí, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní àwọn èèyàn burúkú kan wà nínú igbó ẹ̀yìn àpáta. Ṣùgbọ́n Bàbá Kátíkíìsì tó ń darí ìsìn wa ní bí a kò bá lọ lọ́dún yìí, a ò ní lọ mọ́ láéláé. A ó lọ. Àwọn ọdẹ á bá wa lọ."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àjíǹde, ìwọ̀nba ènìyàn ló jáde. Ọdẹ kan ṣíwájú, ọ̀kan tẹ̀ lé wa lẹ́yìn, ìbọn ṣakabùlà wà léjìká wọn. Àwọn ọkùnrin ń gbé màmá pọ̀n ní ibi tí òkúta ti ga. Kò sẹ́ni tó ń kọrin gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ìró bàtà lórí àpáta nìkan ni mo ń gbọ́.

Ṣọ́ọ̀ṣì náà kéré ju bí mo ṣe rò lọ. Ògiri òkúta, páànù tó ti pọ́n, ilẹ̀kùn igi ńlá tó ní ọ̀pá ìdábùú. Nígbà tí a jókòó, Bàbá Kátíkíìsì, arúgbó gbọọrọ kan tí ohùn rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ, dá orin Àjíǹde sílẹ̀. Ẹ̀rù kúrò lára wa díẹ̀díẹ̀. A kọ ọ́ sókè. Màmá ń kọrin, omi ń dà lójú rẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n ń ka ẹ̀kọ́ kejì ni àwọn ọdẹ méjèèjì sáré wọlé. "Ẹ tilẹ̀kùn! Igbó ń mì lẹ́yìn àpáta. Èèyàn ni, kì í ṣe ẹran."

Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n fi ọ̀pá dábùú rẹ̀. A dọ̀bálẹ̀ sáàárín àwọn bẹ́ńṣì. Ìbọn dún kan lọ́nà jíjìn, nísàlẹ̀ igbó. Mo fi ara bo màmá, mo sì ń ronú ohun tí n ó sọ fún àwọn àbúrò mi, bí n bá tilẹ̀ rí ẹnu sọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Kò gbá a, ó ń fọwọ́ họ ọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́," ohùn obìnrin kan wí, Yorùbá rẹ̀ kò já gaara. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí fún wa. Ọkọ mi ń kú lọ."

"Ẹ má ṣí i!" ọkùnrin kan wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Obìnrin ni wọ́n á kọ́kọ́ rán."

"Òótọ́ ni," ni mo wí. Èmi náà wí bẹ́ẹ̀. Àǹtí Wùmí ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọdẹ na ìbọn sí ẹnu ọ̀nà. Bàbá Kátíkíìsì dúró láàárín, ó ń wò wá.

Màmá tì mí kúrò lára rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ti bẹ́ńṣì, ó dìde pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn ún.

"Ẹ ṣílẹ̀kùn," ó ní.

"Màmá, ẹ jókòó!"

"Mo ní ẹ ṣílẹ̀kùn. Ṣé orin lásán la gun òkè wá kọ ni? Bí wọ́n bá fẹ́ pa wá, ilẹ̀kùn yìí kò lè gbà wá. Bí ó bá jẹ́ pé òótọ́ ló ń sọ ńkọ́?"

Kò sẹ́ni tó mira. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ síbi ilẹ̀kùn náà fúnra rẹ̀. Ìgbà náà ni Bàbá Kátíkíìsì ṣáájú rẹ̀, ó sì yọ ọ̀pá ìdábùú.

Obìnrin náà ṣubú wọlé. Ìró rẹ̀ ti ya, ẹ̀gún ti ha gbogbo apá rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́bàá ògiri, ọkùnrin kan sùn gbalaja, eegun ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ síta. Ará Bẹ́núè ni wọ́n. Àgàtú ni wọ́n ń pe irú wọn níbẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹ̀yà wo ni wọ́n ti wá, àwọn ló sì ń ṣe iṣẹ́ oko kòkó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn agbébọn ti ya wọ abúlé oko wọn ní ìdájí, wọ́n kó ọkùnrin méjì lọ. Tọkọtaya yìí sá gba inú igbó, ọkọ já bọ́ látorí àpáta.

"Báwo lẹ ṣe mọ ibí?" Àǹtí Wùmí bi í.

"Orin yín ni a gbọ́," ó dáhùn. "Mo ń fà á tẹ̀ lé orin. Nígbà tí orin dákẹ́, mi ò mọ ọ̀nà mọ́."

A kò parí ìsìn. Wọ́n dojú bẹ́ńṣì kan délẹ̀, wọ́n fi gèlè àwọn obìnrin di ọkùnrin náà mọ́ ọn, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ìsọ̀kalẹ̀ yẹn le ju gígun òkè lọ. Gbogbo ewé tó bá mì, a ó dúró. Ọkùnrin náà fẹ́ kígbe, ìyàwó rẹ̀ sì fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu, ó ń sunkún bó ṣe ń ṣe é. Ẹni tó ti sọ pé kí wọ́n má ṣílẹ̀kùn ló gbé orí bẹ́ńṣì láti òkè dé ilẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á. Èmi di ọwọ́ obìnrin náà mú, mo ń mú un rìn, n kò lè wo ojú rẹ̀. Títì la ti rí ọkọ̀ tó gbé wọn lọ sí ọsibítù ní Ìkàrẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, kí a tó wọ ọkọ̀ padà, a yà kí wọn. Dókítà kò tíì mọ̀ bóyá wọn yóò gé ẹsẹ̀ náà. Ìyàwó jókòó sílẹ̀ nídìí bẹ́ẹ̀dì, ó kúnlẹ̀ nígbà tó rí màmá. Màmá fà á dìde.

A dé Ìbàdàn bí oòrùn ti ń wọ̀. Ọ̀nà tí a gbà lọ la gbà bọ̀, ẹ̀rù tó bà wá ní àlọ náà ló bà wá ní àbọ̀. N kò ní purọ́ fún ẹni tó bá ń ka èyí pé ó ti kúrò. Àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n kó lọ, a kò tíì gbúròó wọn. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ìbẹ̀rù a máa sọ gbogbo ojú di ojú kan náà. Ẹni tó ń lé ni àti ẹni tí wọ́n ń lé, bákan náà ni wọ́n ṣe ń dún lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Bí mo ti ń bọ́ bàtà fún màmá ni Àǹtí Wùmí pè. Wọn kò ní gé ẹsẹ̀ ọkùnrin náà mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ń béèrè orúkọ ìyá àgbà tí ẹ̀rù kò bà.

Mo sọ fún màmá. Ó ń fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀.

"Sọ orúkọ mi fún un," ó ní. "Ṣùgbọ́n sọ fún un pé gbogbo ara mi ló ń gbọ̀n lọ́jọ́ náà."