Ìbọ̀wọ́ Tí Wọn Ò Fún Oníbàárà

Ẹ wá wo onídìrí yìí ní kóòtù! Ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó, bẹ́ẹ̀ adájọ́ ò tíì wọlé. Obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ tutù tó jẹ́ pé oníbàárà á sùn lọ fọnfọn kó tó dirun tán, òun ni ara rẹ̀ ò balẹ̀ yìí.

Tíì ló kó bá a. Ó rà á ní ṣọ́ọ̀bù kọ́ńpìnnì ńlá kan tó dojú kọ tirẹ̀. Bó ṣe gba ife pépà náà, ọmọrí rẹ̀ ṣí, tíì dà sí i lọ́wọ́ ọ̀tún, awọ bó láti ọrùn ọwọ́ dé ìka. Títí dòní, agbára káká ló fi ń fi ìka yẹn di òòyà mú.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ ló dùn ún jù. Káfíńtà ni ọkọ, èèyàn dáadáa ni, ẹnu rẹ̀ ni kì í sinmi.

“Ìwọ lo dà á sára. Kí lò ń kánjú sí?”

Ọkọ sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, ó sọ ọ́ fún ará àdúgbò, títí tí wọ́n fi ń pe onídìrí ní Màmá Adàánù. Ohun tó gbé e dé kóòtù gan-an nìyẹn. Ó fẹ́ kí ẹni tẹ́nu rẹ̀ ká ọkọ òun sọ fún un pé òun ò jẹ̀bi.

Nígbà tí adájọ́ wọlé, tí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀, ẹnu lọ́yà kọ́ńpìnnì dùn, kí n má purọ́. Ó ní ta ni ò mọ̀ pé tíì máa ń gbóná? Onídìrí bojú wẹ̀yìn, ó rí ọkọ rẹ̀ tó ń mi orí sí i. Inú bí i débi pé omi lé sí i lójú.

Ni wọ́n bá pe máníjà kọ́ńpìnnì, ọkùnrin tó fẹ́ràn ìyìn ju oúnjẹ lọ. Lọ́yà rẹ̀ bi í bóyá wọ́n ń ṣọ́ra níbi iṣẹ́. Kó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni kó jókòó, ó kọ̀.

“Àwa kẹ̀? Òṣìṣẹ́ wa kan ò jóná rí! Ìbọ̀wọ́ tó nípọn la fún gbogbo wọn. Ẹni tí ò bá wọ̀ ọ́, ilé ló ń lọ. Omi tíì yẹn ń bó èèyàn láwọ, ó ti pẹ́ tá a ti mọ̀!”

Lọ́yà rẹ̀ wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti balẹ̀, ó ti fọ́.

Onídìrí fò sókè, kò dúró de lọ́yà tirẹ̀.

“Olúwa mi, ìbọ̀wọ́ tèmi dà?”

Ariwo sọ! Adájọ́ ní kó jókòó, ó wá kọjú sí máníjà.

“Ṣé ẹ kọ ọ́ sára ife pé omi yìí ń bó èèyàn láwọ?”

“Olúwa mi, tá a bá kọ ọ́, ta ló máa rà á?”

Nígbà tí adájọ́ padà wá dájọ́, kò fọ̀rọ̀ gùn.

“Ẹ mọ̀ pé ewu wà níbẹ̀. Ẹ dáàbò bo òṣìṣẹ́ yín, ẹ ò ro ti oníbàárà. Kọ́ńpìnnì ló jẹ̀bi. Ẹ tọ́jú ọwọ́ obìnrin yìí títí táá fi san, kẹ́ ẹ sì dín gbígbóná omi yẹn kù. Òun ò jẹ̀bi.”

Onídìrí ti dìde.

“Olúwa mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un sọ. Ọkọ mi ló wà lẹ́yìn yẹn.”

Kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Adájọ́ fúnra rẹ̀ pa ẹ̀rín mọ́ra, ó gbójú sókè, ó sì fi ohùn rara sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i pé obìnrin náà ò jẹ̀bi.

Káfíńtà dìde, ó ṣí fìlà.

“Mo ti gbọ́, Olúwa mi. Ẹ bá mi kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi náà jẹ̀bi.”