Igbó Tí Ọwọ́ Èèyàn Ò Kàn Rí

Má-fọwọ́-kàn-án ni wọ́n ń pe bàbá mi, torí ohun tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn bí àlejò bá ti wọ igbó ìjọba tó ń ṣọ́. Èkejì ni: "Ọwọ́ èèyàn ò kan ibí rí." Á wá na àyà síwájú bíi pé òun gan-an ló dá igbó. Bàbá mi ò ní ilẹ̀, kò sì ní mọ́tò. Igbó yẹn ni gbogbo iyì rẹ̀.

Ìyá mi ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Yàrá tí wọ́n fún wa wà lẹ́bàá géètì igbó. Bí ìyá mi bá jẹ èso tó já bọ́ níbẹ̀, tó sì dùn, á ri kóró rẹ̀ sẹ́yìn ilé ìdáná. Èyí tó bá kan lẹ́nu, inú iná ló ń lọ. Bí kóró bá wá hù, bàbá mi á fà á tu.

"Ìyá ọmọ mi, ibí kì í ṣe oko o."

"Ẹ kú iṣẹ́," ni ìyá mi á wí, á sì tún ri òmíràn.

Nígbà tó yá, àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ wá nǹkan àtijọ́ dé. Abẹ́ àwọn igi eléso ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi gbé àga tì wọ́n, ó ń ṣọ́ wọn lójú méjèèjì. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá wọn obìnrin pè é, èmi àti ìyá mi sì tẹ̀ lé e.

"Bàbá, ẹ wo àpáàdì. Ẹ wo kóró tó jóná. Ìlú ló wà níbí láyé àtijọ́."

"Ìlú kẹ̀? Nínú igbó mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Èso tó bá tóbi, tó dùn, wọ́n á gbin kóró rẹ̀ sẹ́yìn ilé. Àwọn ọmọ wọn náà á tún ṣa èyí tó dùn jù nínú ìyẹn. Ìlú tú, àmọ́ àwọn igi yẹn ń bímọ lọ. Ìdí tí igi eléso fi pọ̀ tó báyìí níbí nìyẹn."

"Ẹ̀yìn ilé lẹ wí?"

"Ẹ̀yìn ibi ìdáná wọn gan-an la ti rí kóró yìí."

Mo wo ìyá mi, ìyá mi ń wo òkè. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, àmọ́ nígbà tí mo rí ojú bàbá mi, mo gbé ẹ̀rín mì. Inú rẹ̀ bàjẹ́ gidi. Ó wọlé, ó kọjú sí ògiri, kò sì jẹun.

"Irọ́ ni mo ti ń pa fáwọn àlejò láti ìgbà yìí wá," ló sọ fún ìyá mi. "Kí ni mo tún fẹ́ máa wí fún wọn? Màá fiṣẹ́ sílẹ̀."

"Ẹ ò mọ̀ ni," ni ìyá mi fèsì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun."

Kò pẹ́ sígbà yẹn tí àwọn àlejò mìíràn dé. Bàbá mi ò dúró ní géètì, kò sì na àyà. Ẹ̀yìn ilé ìdáná wa ló kó wọn lọ. Igi kékeré kan ti hù níbẹ̀, ewé rẹ̀ ò tíì ju bíi mélòó kan lọ. Ẹnì kan ti ri ọ̀pá yí i ká, ó sì fi okùn so ó dáadáa. A ò mọ ìgbà tí bàbá mi ṣe é.

Ọ̀kan nínú àwọn àlejò náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fẹ́ di ewé rẹ̀ mú.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án," ni bàbá mi wí. "Ìyàwó mi ló gbìn ín."