Ilẹ̀kùn Wúùlù Ìyá Kazeem

Nígbà tí láńlọ́ọ̀dù yọ ilẹ̀kùn Ìyá Kazeem, Ìyá Kazeem hun òmíràn.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni. Ilé oníyàrá mẹ́wàá lẹ́yìn Boundary, ní Ajégúnlẹ̀, tí yàrá márùn-ún kọjú sí márùn-ún. Bàbá Oyèwọlé tó ni ilé mú káfíńtà wá. Wọ́n yọ pákó ilẹ̀kùn náà, wọ́n gbé e lọ sí pálọ̀ onílé. Bí àwọn láńlọ́ọ̀dù kan ṣe ń lé ayálégbé nìyẹn. Wọn ò ní lù ọ́. Wọn ò ní bú ọ. Wọ́n á kàn yọ ilẹ̀kùn rẹ, kí gbogbo ayé máa wò ọ́ níbi tó o ti ń jẹun.

“Ìyá Kazeem,” ni Bàbá Oyèwọlé wí, “èèyàn ni mo háyà yàrá fún, n ò háyà ẹ̀ fún wúùlù. Ẹ kó wúùlù yìí dànù, ilẹ̀kùn yín á padà. Ẹ ò kó o, ẹ wá ibòmíràn lọ.”

Ìyá Kazeem gbé àpótí rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ó jókòó. Ó na ẹsẹ̀. Ó fa wúùlù àwọ̀ ewé kan yọ nínú àpò.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá,” ni ó wí. “Ariwo ilẹ̀kùn yẹn ti sú mi tẹ́lẹ̀.”

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi hun ún. Àwọ̀ ewé, àwọ̀ ọsàn, dúdú, ìlà pínkì kan tó ṣẹ́ kù lára ìbọ̀sẹ̀ ọmọ tuntun. Ó nípọn bí ẹní. Ó fi ìṣó kàn án mọ́ férémù lókè. Láàárín rẹ̀, lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà: Ẹ KÁGÒ.

Ní Ọjọ́bọ̀, Bàbá Oyèwọlé wá wò ó. Gbogbo ilé ti jáde. Ebuka oníkẹ̀kẹ́ pàápàá pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ kankan má baà fo òun ru. Bàbá gbé ọwọ́ sókè, ó kan ilẹ̀kùn. Ọwọ́ rẹ̀ rì sínú wúùlù. Kò dún.

“Ìyá Kazeem!”

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọjú wo abẹ́ ilẹ̀kùn.

“Ìyá Kazeem, mo mọ̀ pé ẹ wà nílé. Mo ń rí ẹsẹ̀ yín lábẹ́ ẹ̀!”

“Ẹ ò rí nǹkan tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni?”

“Ilé mi nìyí! Ṣé màá máa kágò nínú ilé mi ni?”

“Ilé yín ni, Bàbá. Ilẹ̀kùn mi ni.”

Bàbá wo ọ̀tún. Ó wo òsì. Ó húkọ́.

“Àgò o,” ni ó wí, wúyẹ́wúyẹ́.

“N ò gbọ́!”

“Mo ní ÀGÒ!”

“Ta nìyẹn?”

Ebuka ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó lè sọ ẹni tó kẹ́yìn. Bàbá Oyèwọlé yíjú padà, ó ń lọ, àmọ́ ó ní ọ̀rọ̀ kan tó kù lẹ́nu. “Ilẹ̀kùn wo ni kò lọ́wọ́? Ibo lèèyàn á ti dì í mú?”

“Ẹ má dààmú,” ni ohùn kan dá a lóhùn látinú yàrá. “Àwọ̀ tó yẹ ọwọ́ ẹ̀ ni mi ò tíì rí. Tí mo bá rí i, màá hun ún.”

Ó yẹ kéèyàn mọ ibi tí wúùlù náà ti wá. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Ìyá Kazeem fi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ wúùlù kan ní Ìjọra. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe níbẹ̀: ó ń ká wúùlù. Ó ń ká a, wọ́n ń gbé e lọ. Ọjọ́ tí wọ́n máa ti ibẹ̀ pa, máníjà dúró níwájú àwọn òṣìṣẹ́, ó ní kí kálukú mú ìwọ̀nba àjákù wúùlù tí orí rẹ̀ bá lè rù. Àwọn kan ru àpò kan. Àwọn kan ru méjì. Ìyá Kazeem ru àpò kan jáde, ó gbé e kalẹ̀ létí títì, ó padà wọlé. Ó ru òmíràn. Ó padà wọlé. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, géètìmáànù dá a dúró.

“Màmá, ẹ̀ẹ̀kọkànlélọ́gbọ̀n nìyí! Máníjà ní ìwọ̀nba tí orí yín lè rù!”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Orí kan náà ni mo ṣì ń lò.”

Àpò mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Yàrá kan. Kazeem, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń wa tírélà, wá wò ó, ó káwọ́ lérí. “Màmi, ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Ẹ fi pàǹtí yìí sílẹ̀.”

“Gbọ́, Kazeem. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ká wúùlù fún ẹni ẹlẹ́ni. N ò rí súẹ́tà kan. N ò rí fìlà kan. N ò mọ ohun tó dà. Èyí tó wà níbí yìí, màá rí ohun tó máa dà. Okùn kan ò ní jáde nínú yàrá yìí láì di nǹkan.”

Ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Gbogbo ilé mọ̀ ọ́n sórí.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í hun. Nínú ooru Ajégúnlẹ̀ níbí, níbi tí ògiri pàápàá ti ń làágùn, ó hun súẹ́tà. Ó hun ìbọ̀wọ́. Ó hun ìbòrí fún ọwọ́ kẹ̀kẹ́ Ebuka, ó hun ìbọ̀sẹ̀ fún ẹsẹ̀ tábìlì. Ebiere, ará Bayelsa tó ń ta ẹja yíyan, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀ gan-an, ní jẹnẹrétọ̀ kékeré kan tó ń ké bí ẹni tí wọ́n ń pa. Ìyá Kazeem ní ìhòòhò ló ń dà á láàmú. Ó hun ẹ̀wù fún un, alápá gígùn. Wọ́n wọ̀ ọ́ fún jẹnẹrétọ̀ náà, wọ́n fa okùn ẹ̀. Ó ké díẹ̀. Ó wúkọ́. Èéfín yọ lọ́rùn ẹ̀wù.

“Mama! You don kill my gen o!”

“Ṣé ariwo ṣì wà?”

Ebiere tẹ́tí. “No.”

“Ẹn-ẹ́n.”

Kò tà á. Ẹni tó bá bi í pé èló, á ní òun kì í ṣe ọlọ́jà, òun fẹ́ kó tán ni. Lọ́jọ́ kan, ó kó àpò kan sínú kẹ̀kẹ́ Ebuka, ó ní kó gbé òun lọ sí Kirikiri Lighter Terminal, níbi tí àwọn alágbára ti ń fi èjìká ru ẹrù látinú ọkọ̀ ojú omi. Òṣùká èjìká ló hun fún wọn. Àwọn ọkùnrin náà wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀kan tó ń ru símẹ́ńtì gbìyànjú ẹ̀. Ó ru àpò kan. Ó ru èkejì. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọ̀gá wọn ní kó bá òun hun ogójì. “Kí gbogbo ẹ̀ jẹ́ búlúù o, Màmá. Kí wọ́n jọra.”

“Búlúù ò pọ̀. Àwọ̀ tó bá bọ́ sí mi lọ́wọ́ ni.”

“Rárá o. Wọ́n gbọ́dọ̀ jọra.”

“Ṣé èjìká wọn jọra ni?”

Ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan ṣì wà ní Kirikiri di òní, ọrùn rẹ̀ tó ìtì igi, tó ń ru símẹ́ńtì pẹ̀lú òdòdó pínkì léjìká méjèèjì. Kò tíì sẹ́ni tó dán an wò láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ohun tó fa ìbínú Bàbá Oyèwọlé gan-an ni òjò. Oṣù kẹfà, ọdún tó yọ ilẹ̀kùn. Omi wọlé. Àwọn àpò tó wà nísàlẹ̀ mu omi yó. Ìyá Kazeem sá wúùlù. Ó sá a sórí okùn aṣọ gbogbo ilé. Ó sá a sórí fẹ́ǹsì, sórí táńkì omi, sórí igi ìbẹ́pẹ. Nígbà tí àyè tán, ó wo mọ́tò onílé.

“Ìyá Kazeem, mọ́tò mi dà?”

“Ó wà níbẹ̀ yẹn, Bàbá. Lábẹ́ àwọ̀ ọsàn.”

Bàbá fi ìbínú kó gbogbo ẹ̀ dànù, ó wọ mọ́tò, ó gba Apápá lọ. Kò mọ̀ pé okùn kan ti há sí táyà. Àwọn ará Boundary máa ń búra pé títí ó fi dé Apápá ni okùn náà ń tú tẹ̀lé e. Ohun tí ojú wọn rí ni pé Ìyá Kazeem bọ́ sínú kẹ̀kẹ́ Ebuka, ó ní kó rọra tẹ̀lé mọ́tò yẹn, ó sì ń ká okùn rẹ̀ bọ̀. Nígbà tí Bàbá bọ́ọ́lẹ̀ níwájú báńkì, kẹ̀kẹ́ dúró lẹ́yìn ẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ rọra yí táyà yẹn sẹ́yìn díẹ̀. Ó ku kékeré.”

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, káfíńtà dé.

Àmọ́ ẹ ti gbọ́ ìyẹn. Ohun tí ẹ ò tíì gbọ́ ni pé nígbà tó di oṣù kejì lẹ́yìn ìyẹn, Bàbá fúnra rẹ̀ fẹ́ dá pákó náà padà. Àwọn èèyàn ń wá láti Ìjọra wá wo ilẹ̀kùn wúùlù. Wọ́n ń pe ilé rẹ̀ ní ilé onílẹ̀kùn wúùlù. Ìyá Kazeem ò gbà.

“Ẹ máa lo pákó yín, Bàbá. Èmi ti nílẹ̀kùn.”

“Olè ńkọ́?”

“Kí wọ́n wá. Tí wọ́n bá jí wúùlù, kí wọ́n ṣáà hun ún.”

Bàbá Oyèwọlé wá sọ ọ́ di àṣà. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ó máa wá wò ó bóyá wúùlù ti ń tán. Ó ní ẹ̀tọ́ onílé ni.

“Àgò o.”

“Ta nìyẹn?”

“Onílé.”

“Onílé wo?”

Kó tó wọlé. Á jókòó sórí àpótí, á máa ráhùn. Àpò mélòó ló kù? Mẹ́rìndínlógún. Ẹ ṣe kánkán. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, mélòó ló kù? Mẹ́sàn-án. Ẹ ṣì ń fi yàrá mi ṣòfò o. Ọdún mẹ́fà gbáko, kò pa Jímọ̀ kan jẹ. Tí ara rẹ̀ ò bá yá, á ránṣẹ́ pé kí wọ́n bá òun ka àpò.

Ìyá Kazeem kú ní ọ̀sán Ọjọ́rú kan, nínú oṣù kejì ọdún. Lórí àpótí rẹ̀, lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀. Ebiere rò pé ó sùn lọ ni. Abẹ́rẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀, nínú aṣọ funfun. Kò sí okùn wúùlù kan lára ẹ̀. Ebiere bẹ Áfà títí, Áfà ò gbà.

Lọ́jọ́ kẹjọ, tí àdúrà parí, Kazeem wọ yàrá pẹ̀lú láílọ́ọ̀nù dúdú kan láti palẹ̀ mọ́. Kò rí nǹkan púpọ̀ pa mọ́. Àpò mọ́kànlélọ́gbọ̀n, gbogbo ẹ̀ ti ṣófo, ìyá rẹ̀ ti ká wọn jọ dáadáa bí aṣọ ọdún. Ìdì wúùlù kan ṣoṣo ló kù. Aláwọ̀ àlùkò. Kò tóbi ju ọsàn lọ. Kazeem mú un, ó fẹ́ jù ú sínú láílọ́ọ̀nù.

Ebiere dínà mọ́ ọn. “Where you dey carry am go?”

“Àǹtí, mo fẹ́ da ilẹ̀ nù ni.”

“Kazeem. Mama talk say okùn kan ò ní jáde nínú yàrá yìí.”

“Wọ́n ti kú, Àǹtí.”

“Wúùlù ò kú!”

Kazeem wo ìdì ọwọ́ rẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. “Ó dáa. Ta ló mọ̀ ọ́n hun?”

Wọ́n wo ara wọn. Ebiere ní súẹ́tà mẹ́rin. Ebuka, tó dúró lójú fèrèsé, ní fìlà tó pọ̀ ju irun orí ẹ̀ lọ. Gbogbo ilé ti wọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.

“Àgò o.”

Ẹsẹ̀ Bàbá Oyèwọlé ni wọ́n rí lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ó dúró. Ó dúró débi pé Ebiere ní, “Baba, ẹ wọlé, jàre.” Ó wọlé, ó gba ìdì wúùlù náà lọ́wọ́ Kazeem, ó mú abẹ́rẹ́ lórí fèrèsé.

“Mo mọ̀ ọ́n díẹ̀.”

Gbogbo wọn la ẹnu sílẹ̀.

“Kí lẹ̀ ń wò? Ọdún mẹ́fà ni mo fi jókòó sórí àpótí yẹn. Ẹ rò pé àpò nìkan ni mò ń kà?”

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi hun ún. Ó tú u lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó parí, ó wọ́ bí atalẹ̀, apá kan sanra, apá kan rù. Kazeem ní kí wọ́n kúkú gbé pákó àtijọ́ padà, kí yàrá náà lè rí ayálégbé.

“Pákó wo? Mo ti fi kan tábìlì tipẹ́.”

Ó fi okùn tó kù rán nǹkan náà mọ́ ara ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, ní apá ọ̀tún, ní ìwọ̀n ìgbáròkó. Ọwọ́ ilẹ̀kùn ni. Nígbà tó já okùn náà, kò sí wúùlù kankan mọ́ nínú ilé yẹn tí kò tíì di nǹkan.

Ó dì í mú, ó fi dán an wò. Ó le. Ó tó fà. Ilé rẹ̀ ni, yàrá náà sì ti ṣófo.

“Àgò o,” ni ó wí.

Kẹ̀kẹ́ ń kọjá ní Boundary. Ẹja Ebiere ń ta lórí iná. Bàbá Oyèwọlé dúró síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí ọwọ́ ilẹ̀kùn, ó gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, ó ń tẹ́tí.

Kò wọlé. Kò tíì sẹ́ni tó bi í pé ta nìyẹn.