Màrìwò Lẹ́nu Ọ̀nà Ṣọ́ọ̀bù Mi

Kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́wọ́ mi kí n tó gbójú sókè rí i. Màrìwò ni, imọ̀ ọ̀pẹ tútù tí wọ́n ya wẹ́wẹ́, tí wọ́n so dábùú ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi ní Lásúnwọ̀n. Ọmọ Ìkòròdú kò nílò olùkọ́ lórí ọ̀rọ̀ màrìwò. Ibi tó bá ti so, ibẹ̀ ti di ti awo nìyẹn; ọ̀gbẹ̀rì kì í wọ̀ ọ́, obìnrin kò sì gbọdọ̀ dúró wò ó pẹ́. Mo rọra dá kọ́kọ́rọ́ padà sínú báàgì.

"Ta lẹ ṣẹ̀, Ìyá Olódòdó?" Télọ̀ Bùráìmọ̀ ló bi mí, ọkùnrin tó ń ránṣọ lọ́wọ́ ọ̀tún mi.

"N ò ṣẹ ẹnì kankan."

"Ẹ rò ó dáadáa. Wọn kì í ṣèèṣì gbé irú ẹ̀ síbẹ̀."

Mo rò ó títí. Òdòdó ni mò ń tà. Mò ń di èyí tí ìyàwó ń mú lọ́wọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì ń ṣe èyí róbótó tí wọ́n ń gbé lé pósí. Ta lèèyàn ń ṣẹ̀ nídìí òdòdó, àfi tí mo bá gbé ti òkú fún ìyàwó?

N kò ṣílẹ̀kùn. Mo gbé tábìlì kan sí òdìkejì gọ́tà, mò ń ta òdòdó oníke lórí rẹ̀, nígbà tí àwọn òdòdó tútù tí mo rà láti Jọ́ọ̀sì ń jẹrà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì nínú ṣọ́ọ̀bù. Láti ìta ni mo ti ń gbọ́ òórùn wọn. Nílé, bí ajá bá ti gbó, mo ti dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì.

Inú ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni olè fọ́ ṣọ́ọ̀bù Bùráìmọ̀, wọ́n gbé máṣìn rẹ̀ lọ. Wọ́n fọ́ ti Màmá Tọ́pẹ́, onídìrí tó wà lọ́wọ́ òsì mi. Tèmi ló wà láàárín, wọ́n fò ó. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún ń dáhùn ìkíni mi dáadáa.

"Ẹ̀rù ń bà yín, olè ò sì wá," Bùráìmọ̀ sọ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ kan. "Ẹ̀rù yín yìí mà lérè o."

"Kí lẹ ní lọ́kàn tẹ́ ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀?"

"Mi ò ní nǹkan kan lọ́kàn. Tó bá yá, àwọn ọlọ́pàá á béèrè."

Ó yé mi. Ẹni tí wọ́n bá pè ní alábàáṣe olè ládùúgbò wa, àwọn ọ̀dọ́ lè ti gbé táyà dé kí ọlọ́pàá tó béèrè ohunkóhun. Ìbẹ̀rù yẹn borí ti màrìwò. Ó di dandan kí n mọ ẹni tó so ó, nítorí náà mo sún mọ́ ọn, mo sì yẹ̀ ẹ́ wò bí mo ṣe máa ń yẹ ọjà wò.

Okùn ìko ni wọ́n fi dì í, wọ́n sì ki ẹnu okùn náà sábẹ́ ewé kí kókó má bàa hàn. Wọ́n gé ìdí rẹ̀ kó dagẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gé igi òdòdó lẹ́nu iṣẹ́ wa, kó lè rí omi mu dáadáa. Ṣùgbọ́n màrìwò ẹnu ọ̀nà, omi wo ló fẹ́ mu? Ẹni tó gé e, iṣẹ́ ti mọ́ ọn lára débi pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń gé nǹkan lọ́nà mìíràn mọ́. Ìdì yẹn náà, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ẹ̀pẹ́ ló ni ín. Èmi àti Sìkírátù tá a jọ kọ́ṣẹ́ nìkan ló fi kọ́, Sìkírátù sì ti ń yan mí lódì látìgbà tí mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Mo wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́ láti fẹjọ́ Sìkírátù sùn. Títí a fi kọjá ìyànà Ejìnrìn ni mò ń wẹ̀yìn, bí ẹni pé wọ́n ń tẹ̀ lé mi. Mo bá ọ̀gá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ewé. Ó ti dàgbà gan-an. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, kò gbójú sókè.

"Ojú ibi tí wọ́n ti gé e ńkọ́?" ó bi mí. "Ó dagẹ̀rẹ̀?"

"Ó dagẹ̀rẹ̀, mà."

"Ọpẹ́ ni. Mo rò pé ọwọ́ mi tó ń gbọ̀n ti bà á jẹ́ ni."

Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé òun fúnra rẹ̀ ló so ó. Ilé ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Lásúnwọ̀n ló sùn sí lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ibẹ̀ ló ti gbọ́ pé àwọn olè ń ti ṣọ́ọ̀bù kan bọ́ sí òmíràn. Ó wá wo àgádágodo mi, ó ní ọmọdé lè fi ìdí ṣíbí ṣí i. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ó ti so màrìwò.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi, mà?"

"Kí n sọ fún ẹ, kó o wá máa rẹ́rìn-ín wọlé? Olè máa ń wo ojú oníṣọ́ọ̀bù, Rísì. Ojú ẹ tó fà ro yẹn ni mo fi tìlẹ̀kùn, kì í ṣe ewé."

Inú bí mi débi pé mo sunkún. Mo sọ ọ̀rọ̀ Bùráìmọ̀ fún un, mo sọ ti ọlọ́pàá àti táyà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ewé.

"Ìyẹn ni mi ò rò," ó ní. Ó wé gèlè, ó wọ bàtà, a jọ wọkọ̀ padà.

Ó pe Bùráìmọ̀ àti Màmá Tọ́pẹ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù mi. "Èmi tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí ni mo so ó. Ọmọ mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá máa mú ẹnì kan, èmi ni kẹ́ ẹ mú." Ó ṣàlàyé ìdí tó fi ṣe é.

"Ẹ ò bá ti so tiwa náà, mà," Màmá Tọ́pẹ́ sọ.

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Bùráìmọ̀, àfi bíi pé kò fẹ́ rín in. "Ó dáa, mà," ó ní. "Ẹ wá já a kúrò."

Ọ̀gá mi sún mọ́ ọn. Ó na ọwọ́, ó sì fà á padà.

"Rísì, mi ò lè fọwọ́ kàn án."

"Ẹ̀yin lẹ ṣáà so ó, mà."

"Ìgbà tí mo so ó, ewé ni. Látìgbà yẹn ni gbogbo àdúgbò ti ń bẹ̀rù ẹ̀. Mi ò mọ ohun tó ti dà báyìí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Bùráìmọ̀ fẹsẹ̀ sẹ́yìn. Mo mú àlùmọ́gàjí nínú báàgì mi, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tó ni màrìwò, mo sì gé e. Ó já bọ́ lé mi lẹ́sẹ̀, díẹ̀ ló kù kí n sá. Ọ̀gá mi tẹ̀ ba, ó wo ojú ibi tí mo gé.

"Kò dagẹ̀rẹ̀," ó ní. "Tún un gé."

Mo tún un gé.