Ilẹ̀ Amọ̀ Tí Mo Fẹ́ Fi Dá Ìyá Mi Dúró

Tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ọ̀fà, òórùn ìkòkò tuntun ló máa ń gba gbogbo ilé. Ìwọ náà mọ òórùn yẹn, òórùn amọ̀ tó ti jìyà ẹ̀ẹ̀rùn fún oṣù bíi mélòó kan tó wá rí omi mu. Àwọn èèyàn ní ó dùn. Èmi ò lè gbọ́ ọ kí àyà mi má já, nítorí ọdún tí èmi àti ìyá mi jà lórí ilẹ̀ yẹn. Ẹ̀yìn ilé wa, lápá ibi tí èèyàn ń gbà lọ sí Ijagbo, amọ̀ pọ́ńbélé ni. Nígbà òjò, á gba sálúbàtà lẹ́sẹ̀ èèyàn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á sán, á lanu, kọ́kọ́rọ́ lè bọ́ sínú rẹ̀ kó di àwátì. Nígbà tí a ń kọ́lé, inú ọkọ mi dùn pé ilẹ̀ náà le. Kò sí ẹni tó rò ó pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a máa fẹ́ gbin nǹkan síbẹ̀.

Ojoku ni ìyá mi ń gbé, òun nìkan, nínú ilé tí bàbá mi fi sílẹ̀ létí oko. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n ta ló tó gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Nígbà ọyẹ́ ọdún yẹn, ó ṣubú lẹ́yìn balùwẹ̀, ìbàdí ló fi balẹ̀. Àárọ̀ ló ṣubú. Ìrọ̀lẹ́ ni obìnrin kan tó ń ti oko bọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ yẹn, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló wà, nínú oòrùn àti eruku. Ìgbà náà ni wọ́n pè mí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé Ìlọrin ò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ rárá: "Ìwọ lo sún mọ́ ọn jù. Tí nǹkan bá tún ṣe Màmá, ọrùn rẹ ló wà o." Mo lọ gbé e wá sí Ọ̀fà. Mi ò bi í bóyá ó fẹ́. Ta ló ń bi ẹni tó ṣubú bóyá ó fẹ́ kí wọ́n gbé òun dìde?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló fi jókòó jẹ́ẹ́. Bó ṣe di pé ó lè fi ọ̀pá rìn báyìí, ó bẹ̀rẹ̀. "Ìgbà wo lo ń gbé mi padà?" Láàárọ̀, ìgbà wo. Tí mo bá ti ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni dé, kí n tó bọ́ bàtà, ìgbà wo. Èmi náà kì í ṣe ẹni tó ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ra, gbogbo ọmọ kíláàsì mi ló mọ̀. Mo ní, "Màmá, kí ló wà ní Ojoku tí kò sí níbí? Omi wà, iná ń wá, Alhaja ojúlé kejì ń wá bá yín tàkúrọ̀sọ." Ó ní, "Ilẹ̀ ńkọ́?" Mo ní ilẹ̀ ń bẹ lẹ́yìn ilé. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kí-lo-mọ̀ tí mo ti mọ̀ láti kékeré. Ló bá fi àdéhùn síwájú mi. Tí òun bá rí ẹ̀fọ́ já lẹ́yìn ilé mi kí iṣu tuntun tó dé, òun á dúró, òun ò sì ní dárúkọ Ojoku mọ́. Tí òun ò bá rí i, kí n gbé òun padà, kí n má sì bá òun jiyàn. Mo ní, "Ẹ̀fọ́ lásán? Ó ti parí." Ẹnu mi ló kó bá mi.

Lẹ́yìn òjò kejì, mo fọ́n èso tẹ̀tẹ̀ sílẹ̀. Ó hù lóòótọ́. Ó hù tínínrín, ó dúró síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó pọ́n, ó kú. Omi ló dúró sí i nídìí tí kò ríbi lọ. Mo tún un fọ́n. Òjò wá dá fún bí ọjọ́ mẹ́sàn-án, ojú ilẹ̀ dì gbagidi, èyí tó fẹ́ yọrí ò ríbi yọ. Oṣù ń lọ. Gbogbo ẹni tó bá dárúkọ iṣu létí mi, mo máa ń fẹ́ bá a jà. Ìyá mi á jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn lórí àga onírọ́bà, á máa wò mí, kò ní sọ nǹkan kan. Ó yẹ kí ìyẹn ti yà mí lẹ́nu, torí obìnrin tó lè dúró lójú ọ̀nà bá ẹni tí kò mọ̀ rí wí pé ebè rẹ̀ ò dáa ni ìyá mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò jẹ́ kí n ronú.

Ó wá sọ sí mi lọ́kàn pé yanrìn ni amọ̀ yẹn ń fẹ́. Ó ti le jù, ó ti di mọ́ra jù, kí n fi yanrìn là á. Àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù ládùúgbò wa bá mi fi bárò gbé yanrìn wá, bárò mẹ́wàá gbáko. Ọjọ́ Sátidé ni, òjò ti rọ̀ mọ́jú. Mo da yanrìn sórí amọ̀ tútù, mo ń fi ọkọ́ pò ó pọ̀. Nígbà tí amọ̀ lẹ̀ mọ́ ọkọ́ tí apá mi ò gbé e mọ́, mo bọ́ bàtà, mo ká ìró, mo kó sínú rẹ̀, mo ń tẹ̀ ẹ́. Ṣé o rántí ìgbà tí wọ́n bá ń pò amọ̀ ilé, tí àwa ọmọdé á máa fò nínú rẹ̀ tí ẹ̀rín á máa pa wá? Ẹsẹ̀ mi rántí. Mo tẹ̀ ẹ́ kúnná. Alhaja yọjú lókè fẹ́ǹsì, ó ní, "Ìyàwó, ilé wo lo fẹ́ mọ?" Mo ní, "Ẹ̀fọ́ ni o, Alhaja." Ó wo ìyá mi. Ìyá mi wo ibòmíràn.

Oòrùn ọjọ́ mẹ́rin ló ràn tẹ̀lé e. Lọ́jọ́ karùn-ún, mo sọ ọkọ́ sílẹ̀, ọkọ́ ta padà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bà mí lójúgun. Mo jókòó sórí ilẹ̀ tí mo fi ọwọ́ ara mi bàjẹ́, mo sunkún bí ọmọdé. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ mi gbé iṣu tuntun méjì wọlé, tayọ̀tayọ̀, kò mọ ohun tó gbé. Ìyá mi fọwọ́ pa iṣu náà lára. Ó ní, "Ó dé." Ó wọ yàrá lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ.

Mo tẹ̀lé e. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní oṣù kan sí i, pé yanrìn yẹn ló ba nǹkan jẹ́.

"Mo mọ̀," ó ní. "Amọ̀ àti yanrìn tí a fi omi pò, tí a fi ẹsẹ̀ tẹ̀, ògiri ni. Òun ni bàbá rẹ fi mọ ilé tí a bí ọ sí."

"Ẹ mọ̀? Láti ìgbà wo?"

"Láti orí bárò àkọ́kọ́."

"Ẹ sì jókòó, ẹ ń wò mí?"

"Tí mo bá là á yé ọ, ẹ̀fọ́ á hù. Tí ẹ̀fọ́ bá hù, Ojoku parí fún mi nìyẹn."

Ọ̀rẹ́ mi, inú bí mi débi pé ojú mi ṣú. Mo pariwo mọ́ ìyá tó bí mi lọ́mọ. Mo ní, "Ẹ máa lọ nígbà náà! Ẹ lọ ṣubú síbẹ̀, mi ò gbọ́, mi ò rí!" Ó ń ká aṣọ rẹ̀ lọ. Ilẹ̀ mọ́, mo múra, mo gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde, mi ò kúnlẹ̀ kí i. Kí Ọlọ́run foríjì mí.

Nígbà tí mo dé lọ́sàn-án, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀. Ẹrù rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, fóònù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrù, ọ̀pá rẹ̀ ò sí. Mo pè é yí ilé ká. Mo rò pé ó ti fi ìbínú gun ọ̀kadà lọ sí Ojoku, pẹ̀lú ìbàdí yẹn, lórí ọ̀nà tó rí gbágungbàgun yẹn. Mo sáré dé ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ lọ sí Ojoku. Àwọn ọlọ́kadà ní àwọn ò rí ìyá àgbàlagbà kankan. Mo tún sáré padà, òógùn bò mí. Mo mú fóònù kí n pe ẹ̀gbọ́n mi, mo gbé e sílẹ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé mo ní kó lọ ṣubú?

Mo gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde, mo ń wá a. Lẹ́yìn ilé Alhaja, ilé amọ̀ àtijọ́ kan ti wó, ààtàn àtijọ́ sì wà nídìí rẹ̀. Ọ̀pá ni mo kọ́kọ́ rí, tó fara ti igi ọ̀gẹ̀dẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí i. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló jókòó sí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ìró rẹ̀ kún fún erùpẹ̀, ètè rẹ̀ ti gbẹ. Ike kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí erùpẹ̀ dúdú kún dé ìdajì. Ó kúnlẹ̀ kó bu ilẹ̀, kò wá lè dìde mọ́.

"Ó ti pẹ́, Màmá?"

"Kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán."

"Ẹ ò wá pariwo!"

"Mo pariwo títí. Ẹ̀rọ àwọn tó ń lọ ata ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́."

Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, nínú aṣọ ilé ìwé mi. Ó bu ilẹ̀ ààtàn yẹn sí mi lọ́wọ́, ó ní kí n fún un pọ̀. Mo fún un, ó di mọ́ra. Ó ní kí n fi ìka kàn án. Ó tú. Ó ní, "Tìrẹ, o lè yí i bí okùn, o lè fi ṣe òrùka, kò ní já. Èyí tó bá dì, tó sì tú bẹ́ẹ̀, òun ni kí o wá. Kó ààtàn tó ti pẹ́ àti ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ lé amọ̀ rẹ. Kọ ebè rẹ sókè kí omi lè sàn lọ. Tó bá tutù, má fọwọ́ kàn án, má sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ láé." Mo bi í pé kí ló dé tó wá ń sọ ọ́ lónìí. Ó ní, "Mò ń lọ. Mi ò fẹ́ kí o máa pa èso lọ́dọọdún." Èmi tí mo ṣépè fún un lálẹ́ àná, torí tèmi ló ṣe gbé ìbàdí yẹn débẹ̀. Mo gbé orí lé e lẹ́sẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́.

Èmi àti Alhaja la gbé e wọlé. Lẹ́yìn tí mo fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́ tán, mo kúnlẹ̀, mo bi í ní ohun tí n kò bi í láti ìgbà ọyẹ́. "Màmá, ibo lẹ fẹ́ máa gbé?" Ó wò mí lójú, bóyá mo fẹ́ gbọ́ lóòótọ́. Ó ní, "Ojoku ni." Mo gbé e lọ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ̀gbọ́n mi ò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù méjì. Obìnrin tó gbọ́ ohùn rẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ṣubú ní ọmọ kan, ọmọ náà ló ń sùn tì í nílé báyìí, èmi náà ń lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀fọ́ ń ṣe dáadáa lẹ́yìn ilé mi. Alhaja náà ń já níbẹ̀.

Mo máa ń sọ fún gbogbo ayé pé torí kó má baà ṣubú ni mo ṣe gbé e wá. Ó sì ṣubú, kò tó ogójì ìṣísẹ̀ sí ilé ìdáná mi, láàárín ìlú, ẹnikẹ́ni ò gbọ́. Tí mo bá fẹ́ sọ òótọ́, oorun tèmi ni mò ń wá. Mo fẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀, mo sì fẹ́ fi ìyókù ayé ìyá mi ra ìbàlẹ̀ ọkàn yẹn. Títí di òní, tí fóònù bá dún láti Ojoku, mo máa ń ju ohun tó bá wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀ kí n lè gbé e. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, mi ò ní parọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n tèmi ni ẹ̀rù náà. Èmi ni kí n máa rù ú.