Rọ́bà Bíréèkì Bàbá Ó-Kù-Díẹ̀

Ọjọ́ tí Bàbá Ó-Kù-Díẹ̀ fi ọkọ̀ rẹ̀ wó géètì dókítà eyín, kò kọ́kọ́ tọrọ àforíjì. Géètì ṣì wà lórí imú ọkọ̀, eruku ò tíì rọlẹ̀, dókítà sáré jáde láti inú ilé, bàbá sì ti sọ̀kalẹ̀, ó ń tọ́ka sí ọkọ̀ dókítà tó wà lábẹ́ igi.

“Ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn.”

“Bọ́nẹ́ẹ̀tì kẹ̀? Géètì mi ńkọ́?”

“Ọ̀rọ̀ á kan géètì. Bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ kọ́kọ́ ṣí.”

Ọmọ ìyá kan náà ni ọkọ̀ méjèèjì. Láyé àtijọ́ ni wọ́n ṣe wọ́n, kò sì sí irú wọn mọ́ ní gbogbo ìlú. Oríta ni bàbá ti rí ti dókítà, ló bá tẹ̀ lé e láti títì dé títì. Dókítà wọlé, ó ti géètì, kò mọ̀ pé àlejò ń bọ̀ lẹ́yìn. Bàbá fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ rẹ̀ kò ka ìyẹn sí àṣẹ.

Wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Rọ́bà tí bàbá ń wá wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ wọ́n ti fi àkísà wé e láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹsẹ̀ tó dá.

“Tèmi náà ti lu,” ni dókítà wí. “Mo ti ń wá ọkọ̀ bíi tiyín kiri. Mo rò pé ẹni tó bá ní in á ní rọ́bà.”

Àwọn méjèèjì dúró ti ẹ́ńjìnnì yẹn, wọ́n ń mirí bí ẹni tó wá kí aláìsàn. Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n jọ gbé géètì kúrò lórí ọkọ̀.

Rọ́bà tí à ń wí yìí kò sanra ju àtàǹpàkò lọ. Inú rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ń gbà fa afẹ́fẹ́ mu láti ìdí bíréèkì, ìfà yẹn ló sì ń ran ẹsẹ̀ awakọ̀ lọ́wọ́. Bó bá lu, bíréèkì á le gbagidi, èèyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde dúró lórí rẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbọ́. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà ò sì ṣe rọ́bà rẹ̀ mọ́. Ìgbàkígbà tí a bá bi bàbá pé ọkọ̀ ńkọ́, èsì kan náà ló máa ń fọ̀: “Ó kù díẹ̀.” Bó ṣe di orúkọ rẹ̀ nìyẹn.

Kí ló wá ń lé bàbá àgbàlagbà kiri ìlú nítorí rọ́bà? Ìyàwó rẹ̀ ni, kò sí irọ́ ńbẹ̀.

Aránṣọ ni ìyàwó náà. Láràárọ̀ ni bàbá máa ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ìrọ̀lẹ́ á tún lọ gbé e. Iwájú ló máa ń jókòó sí, á máa ròyìn àwọn oníbàárà rẹ̀: èyí tó sanra láàárín ọ̀sẹ̀ kan tó ní ẹ̀rọ ìránṣọ ló jẹ̀bi, èyí tó fẹ́ kí wọ́n fi aṣọ ọmọdé rán ti àgbà. Bàbá á máa rẹ́rìn-ín, á máa wakọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Àfi òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí rọ́bà ya ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ọkọ̀ kọjá ṣọ́ọ̀bù, ó kọjá gbogbo ẹni tó ń kí wọn káàárọ̀, ó lọ wọnú òkìtì ìyẹ̀fun igi lọ́dọ̀ káfíńtà, ó dúró síbẹ̀.

Kò sẹ́ni tó fara pa. Ìyàwó sọ̀kalẹ̀, ó gbọn ara rẹ̀, ó mú báàgì rẹ̀.

“Mi ò ní wọ ọkọ̀ yìí mọ́, títí tí á fi dúró níbi tẹ́ ẹ bá ní kó dúró sí.”

“Ìyá ọmọ mi, rọ́bà kékeré kan báyìí ni o.”

“Ẹ lọ rà á nígbà náà.”

Bàbá rò pé tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, inú rẹ̀ á ti rọ̀. Áà! Kò mọ ẹni tó fẹ́. Ẹsẹ̀ ni obìnrin náà fi ń rìn láti ọjọ́ yẹn. Bàbá á sì máa wa ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní jíà kìíní, á yọrí lójú fèrèsé, wọ́n á jọ máa jiyàn dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

“Bàbá, ẹ gbé ìyàwó yín!” làwọn èèyàn ń pariwo.

“Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́!” ni bàbá ń dá wọn lóhùn.

Ó sọ ọ́ fún dókítà gan-an pé ó ń dun òun. “Ìjókòó yẹn ṣófo, Dókítà. Mo ń wakọ̀, kò sẹ́ni tó ń bá mi sọ̀rọ̀. Kí ni mo wá ń wà á fún?”

Lọ́jà àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, bàbá ní ọ̀nà tirẹ̀ tó fi ń yẹ rọ́bà wò. Á di ẹnu kan rẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́, á ti ẹnu kejì bọ ẹnu ara rẹ̀, á wá fà á. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á wọnú, ojú rẹ̀ á yọ síta. Bí rọ́bà bá fún pọ̀, kò wúlò fún bíréèkì nìyẹn, torí bí ẹ́ńjìnnì náà á ṣe fún un pa rèé.

“Èyí ń bá gbogbo ọkọ̀ mu, bàbá,” ni òǹtajà kan wí.

Bàbá fà á. Rọ́bà lẹ̀ pẹ́tẹ́pẹ́tẹ́. “Ó ti kú,” ló wí, ó dá a padà.

“Bàbá, ẹnu yín kọ́ ni ẹ́ńjìnnì!”

“Bí kò bá lè gba ti ẹnu arúgbó, ṣé ti ẹ́ńjìnnì ló fẹ́ gbà?”

Òǹtajà fa òmíràn yọ lábẹ́ tábìlì, rọ́bà gígùn aláwọ̀ ewé. Bàbá wò ó, ó wo òǹtajà.

“Ìyẹn tí wọ́n fi ń bomi rin òdòdó? Ṣé mo sọ fún ọ pé ọgbà ni mò ń wà?”

“Bàbá, ẹ ti fi ẹnu kan gbogbo ọjà mi. Ta ló fẹ́ rà á mọ́ báyìí?”

Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti rí i lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á ju tapólì bo rọ́bà wọn.

Fífà yìí náà ló mi eyín iwájú rẹ̀. Ó wá di dandan kó lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́. Dókítà gbé e sórí àga, ó ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fa itọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ̀rọ ń kùn ní yàrá kejì. Bàbá fi ìka dí ẹnu ọ̀pá náà, ó gbọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń fà. Ló bá dìde lórí àga, aṣọ funfun lọ́rùn, ó ń tọ ọ̀pá yẹn lọ títí ó fi wọ yàrá kejì.

“Bàbá, eyín yín!” Dókítà ń sáré bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú ẹ̀mú lọ́wọ́.

“Ẹ fi eyín sílẹ̀! Kí lẹ pe èyí?”

Lẹ́yìn ẹ̀rọ náà ni rọ́bà dúdú kan wà, ó ki, òwú sì wà nínú ara rẹ̀. Ẹ̀rọ ń fà á kíkankíkan, kò fún rárá. Dókítà wò ó. Láti ọdún tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló ti ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́.

“Rọ́bà ni,” ló wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

Bàbá rẹ́rìn-ín débi pé eyín náà bọ́ fúnra rẹ̀.

Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ dókítà ṣe bá wọn wá irú rẹ̀ tuntun. Bàbá rẹ ègé kan sínú epo bẹtiróò, ó so òmíràn mọ́ ara ẹ́ńjìnnì fún ooru, ó fi wọ́n sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Kò rọ̀, kò wú. Ó fà á lẹ́nu. Kò fún. Wọ́n wá dè é mọ́ ọkọ̀ méjèèjì.

Ìyàwó ò kàn gbà bẹ́ẹ̀. Ó jáde sí títì iwájú ilé, ó dúró sáàárín ọ̀nà, báàgì lápá.

“Tó bá máa dúró lóòótọ́, kó dúró níwájú mi níbí.”

Gbogbo àdúgbò jáde. Bàbá ṣáná sí ọkọ̀, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀. Kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tó fi tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ dúró wọ́ọ́rọ́wọ́. Bàbá sọ̀kalẹ̀, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀.

“Mi ò lè ṣe é, ìyá ọmọ mi. Rọ́bà yìí dá mi lójú, mo fi ẹnu mi yẹ̀ ẹ́ wò. Àmọ́ mi ò lè fi ọ́ dán an wò láéláé.”

Obìnrin náà wo ọkọ̀, ó wo ọkọ rẹ̀.

“Níbo lẹ ní kó dúró sí?”

“Kó ṣáà jìnnà sí ọ.”

“Ṣebí ó ti dúró síbẹ̀.”

Ó rìn lọ bá ọkọ̀, ó ṣílẹ̀kùn, ó jókòó síwájú. Bàbá dúró sójú títì, ó ń sunkún bí ọmọ kékeré. Ìyàwó ló wá fun fèrè ọkọ̀ pé kó máa bọ̀.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi jọ gun ọkọ̀ náà lẹ́yìn ìyẹn, kí ọjọ́ ogbó tó mú bàbá lọ. Àkọ́bí wọn obìnrin ní kí wọ́n tà á. Ìyá ò gbà. Ní Sátidé kan, dókítà wá láti fi ọkọ̀ bàbá gbé ìyá jáde díẹ̀, kí ọkọ̀ má bàa kú sójú kan. Ìyá ti múra, ṣùgbọ́n kò wọlé.

“Dókítà, ẹ kọ́kọ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.”

Dókítà ṣí i. Ìyá ní kó tú rọ́bà yẹn lẹ́nu kan fún òun. Obìnrin tó ti bú ọkọ rẹ̀ títí nítorí ẹnu tó ń fi kan rọ́bà kiri ìlú, òun náà ló tẹrí ba, tó ti rọ́bà bọnu, tó fà á. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọnú, ojú rẹ̀ yọ síta.

“Kò fún,” ló wí. Epo dúdú ti kùn ún létè. Ó ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀, dókítà náà ò lè gbójú sókè.

Nígbà tí wọ́n ti de rọ́bà padà, ìyá jókòó sí ipò rẹ̀ níwájú. Dókítà ní níbo ni kí àwọn lọ.

“Ibikíbi. Ẹ ṣáà máa wà á jẹ́ẹ́jẹ́. Bàbá wọn kì í sáré rárá, kí ọ̀rọ̀ mi lè tán ká tó dé ṣọ́ọ̀bù. Ó rò pé mi ò mọ̀.”

Ó nu ètè rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn oníbàárà àná.