Àwọ̀ Páànù Tí Bàbá Kúnbi Béèrè

Ìgbà tí Ìyá Kúnbi gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ kẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí máṣíìnì. Ọjọ́ Sátidé kan ni, ní ìparí oṣù kẹjọ, àkókò tí gbogbo òbí ní Karu máa ń rántí lẹ́ẹ̀kan náà pé ilé ìwé fẹ́ wọlé. Yunifọ́ọ̀mù mọ́kànlá ló wà níwájú rẹ̀, kọ́là ọ̀kan wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. Fóònù dún. Ọkọ rẹ̀ ni, Titus, ó ń pè láti Orozo. Òòlù ń dún gbì gbì lẹ́yìn rẹ̀, ẹnìkan sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Kúnbi, àwọ̀ wo lo fẹ́ kí páànù wa jẹ́? Ṣé pupa ni, àbí búlúù?"

"Ẹ jẹ́ kí n rán kọ́là yìí tán ná, Bàbá Kúnbi. Màá pè yín padà."

"Ó dáa. Má jẹ́ kó pẹ́ o. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, tiwa ló kàn."

Kọ́là náà ò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ó mú òmíràn, ó tún mú òmíràn. Kò pè é padà.

Tiwa ló kàn. Ọ̀rọ̀ yẹn ní ìtàn. Awakọ̀ ni Titus ní mínísírì kan, ọmọ ilẹ̀ Okun ni, ọgbọ̀n ọdún ló sì fi gbé ilé onílé ní Karu. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ló ra ilẹ̀ sí Orozo lákòókò kan náà, èyí ò jìnnà sí èyí. Láníyì ni ọ̀kan, akọ̀wé ni ní mínísírì kan náà, ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Mukhtar ni ìkejì, káfíńtà, ará Kàdúná tó kọ́ iṣẹ́ ní Ìlọrin, tó ti ibẹ̀ gbọ́ Yorùbá bí ọmọ bíbí ibẹ̀. Kò sí ẹni tó lágbára àtigba òṣìṣẹ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Titus ló ní kí wọ́n dá àáró. Lábúlé rẹ̀, bí ọkùnrin mẹ́ta bá ní oko mẹ́ta, wọn kì í dá a ro. Gbogbo wọn á para pọ̀ ro ti ẹnì kan, wọ́n á bọ́ sí ti ẹnì kejì, títí yóò fi kárí. Láníyì bi í léèrè bóyá iṣu ni wọ́n fẹ́ gbìn sí Orozo. Mukhtar ní yauwa, ó dáa bẹ́ẹ̀, àwọn náà ní in nílé wọn, gayya ni wọ́n ń pè é.

Inú òjò ni wọ́n ń ṣe é. Bí òjò bá ti lọ ní Orozo, ọwọ́ mairuwa lèèyàn ti ń ra omi inú kẹ́ẹ̀gì, àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ ti omi kiri. Ṣùgbọ́n nínú oṣù kẹjọ, àgbá á kún fúnra rẹ̀, wọ́n á fi po sìmẹ́ńtì. Titus àti Láníyì á gba ìsinmi ọdún wọn lẹ́nu iṣẹ́ lásìkò náà, Mukhtar á ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Bí òjò bá dé, wọ́n á sá sábẹ́ tapólì, wọ́n á máa jẹ ẹ̀pà, wọ́n á máa bú ara wọn. Bó bá dá, wọ́n á padà sórí ògiri. Ìyá Kúnbi máa ń sọ pé òun ò rí ọkọ òun kó láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ ìgbéyàwó.

Ẹyọ ìgbálẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣẹ́ gègé ẹni tí yóò ṣáájú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, Titus ló fa èyí tó gùn jù. Ilé tirẹ̀ ló yẹ kó ṣáájú. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn ni ìyàwó Mukhtar lóyún ìbejì, àgbàrá sì wọ yàrá tí wọ́n háyà, Titus ní kí ti Mukhtar lọ ṣáájú. Lọ́dún kejì, Láníyì fẹ́ fẹ̀yìn tì, ó gbọ́dọ̀ kó kúrò ní ilé ìjọba. Titus tún ní kí ti Láníyì lọ ṣáájú. Ìyá Kúnbi bínú lọ́jọ́ yẹn. Ó ní ẹni tó bá ń fi ipò rẹ̀ tọrẹ lójoojúmọ́, orí ìdúró ni yóò ti bá ara rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀rẹ́ kì í sá lọ, òjò kì í sì í tán lójú ọ̀run.

Kò jókòó lásán ṣá. Lẹ́yìn iṣẹ́, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ ń to búlọ́ọ̀kù tiwọn díẹ̀díẹ̀, òun ń tò, obìnrin náà ń gbé omi. Ògiri náà dé òkè fèrèsé. Igi òrùlé wà nílẹ̀. Ohun tó kù ni àáró, nítorí ẹnì kan kì í dá gbé igi òrùlé. Ẹnì kan á di ìhín mú, ẹnì kan á di ọ̀hún mú, ẹnì kẹta á kan ìṣó.

Sátidé tó pe ìyàwó rẹ̀ nípa páànù yẹn, orí òrùlé Láníyì ni wọ́n wà. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ó ní ó rẹ òun díẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri nínú ilé. Ibẹ̀ ló kú sí. Ohun tí wọ́n sọ fún Ìyá Kúnbi ni pé ó sùn, kò jí. Nǹkan tí wọ́n sọ kò ju ìyẹn lọ.

Nígbà ìsìnkú, Láníyì dúró ti Ìyá Kúnbi bí ọmọ ìyá. Òun àti Mukhtar jọ ṣèlérí lójú gbogbo ìjọ pé àáró kì í kú pẹ̀lú èèyàn. Wọ́n ní kó jẹ́ kí ogójì ọjọ́ pé. Ó pé. Wọ́n ní òjò ti lọ, omi ti wọ́n, kó jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀.

Kúnbi, ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ báǹkì ní Lugbe, kò nígbàgbọ́ nínú ìlérí wọn. "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká sell land yẹn, kí ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ mi." Ìyá rẹ̀ ní rárá. Kì í ṣe pé Lugbe ò dára. Ilé tí ọkọ òun fi ọwọ́ tò ni òun fẹ́ sùn sí, kódà kó jẹ́ oorun ọjọ́ kan péré.

Òjò ọdún kejì dé, ó bá ògiri láìlórùlé. Nígbà tí oṣù kẹjọ fi máa parí, ìlà búlọ́ọ̀kù méjì ti wó lápá ìlà-oòrùn. Ìyá Kúnbi wò ó, ó mọ̀ pé bí òjò ọdún mìíràn bá tún bá a bẹ́ẹ̀, kò ní sí nǹkan tí èèyàn á gbé òrùlé lé mọ́. Ó ránṣẹ́ sí Mukhtar, ó ní kó bá òun nílé Láníyì lọ́jọ́ Sátidé.

Ìyàwó Láníyì gbé ẹ̀wà síwájú wọn. Òjò ń lu páànù lókè. Ìyá Kúnbi mọ ògiri tí ọkọ rẹ̀ fẹ̀yìn tì, kò wo ibẹ̀. Ó béèrè ohun tó gbé e wá: ta ló kàn?

Mukhtar wolẹ̀. Láníyì tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ó ń fi ṣíbí ro ẹ̀wà títí ó fi tutù.

"Ìyá Kúnbi, mo fi Bàbá Kúnbi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ yẹn," ló sọ nígbẹ̀yìn. "Mo rò pé oorun ló ń sùn. Mo ní kó dìde, àáró kì í ṣe ibi oorun. Mo pè é ní ọ̀lẹ. Mo ju èèpo ẹ̀pà lù ú láti òkè. A kan ìṣó fún wákàtí kan gbáko lókè orí rẹ̀, à ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ò kúrò létí mi."

Obìnrin náà gbọ́, kò sunkún. Ó ní bóun náà ṣe ṣe nìyẹn, òun náà ní kó dúró de kọ́là, òun ò sì pè é padà. Ó ní kì í ṣe ẹjọ́ lòun bá wá. Kí wọ́n ṣáà bá òun gbé igi náà.

Láníyì ní ó dáa. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀.

Ní Sátidé náà, Ìyá Kúnbi ti dé Orozo kí oòrùn tó mú. Ó gbé ẹ̀pà dání, ó bu omi sínú àgbá. Mukhtar dé pẹ̀lú òòlù àti àkàbà, ó ní, "Sànnu, Màmá." Wọ́n dúró. Fóònù Láníyì kò lọ. Ọ̀sán pọ́n kí ìyàwó rẹ̀ tó gbé ìpè, ó ní ọkọ òun ti lọ sílé ní Ọ̀ṣun láti àná, kò sọ ọjọ́ tí yóò dé.

Mukhtar ní kí wọ́n gbìyànjú. Ìyá Kúnbi di orí igi kan mú, ó na ọwọ́ dé ibi tó lè nà á dé, Mukhtar di orí kejì, ó ń fi ọwọ́ kan wá ìṣó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni igi náà yọ̀ bọ́. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó dúró. Nígbà tí wọ́n gbé èkejì, apá obìnrin náà kò gbé e mọ́. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni.

Káfíńtà náà sọ̀kalẹ̀, ó nu ojú rẹ̀. Bóyá òógùn ni. Ó ní, "Màmá, ku yi hakuri, ẹ má bínú." Lẹ́yìn náà, bí ẹni tó ń wá ohun tí yóò sọ, ó béèrè àwọ̀ tí wọ́n fẹ́ kí páànù náà jẹ́.

Ìyá Kúnbi ní òun ò tíì mọ̀.

Òjò ṣú lápá Karshi. Wọ́n kó igi tó kù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n fi tapólì bò ó. Igi kan ṣoṣo ló wà lókè ilé náà. Òrùlé kò tíì sí.